Rélùwéè Dára, Ṣùgbọ́n Ta Ni Yóò Gbé Mi Dé Ìdí Rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ máàkì tí mo fún un, kí ẹni tí kò ráyè ka ọ̀rọ̀ gígùn lè tètè bá tirẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú irin láti Abẹ́òkúta sí Èkó: mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ọ̀nà tí mo gbà láti ilé mi dé ìdí ọkọ̀ ojú irin ọ̀hún: méjì nínú mẹ́wàá, ọ̀kan nínú méjì náà sì jẹ́ ti ọmọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan tó bá mi di ẹrù mi.

Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, ó ti lé lógún ọdún. Ọbántókò ni mo ń gbé. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni mo máa ń kó ọjà lọ bá àwọn oníbàárà mi ní Balógun l'Ékòó, báàgì Gáná-mọ́sìgò méjì tó kún dẹ́nu. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, mọ́tò ni mò ń wọ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà wa mọ̀ pé méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ lè wọ bọ́ọ̀sì ní Kútọ̀, kó gba Kọbápẹ́ àti Ṣíún já sí Ṣágámù, kó bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kí ẹ wá máa gbàdúrà láti Mọ́wé títí dé Bẹ́jà. Tàbí kí ẹ gba Ìtórí, Ìfọ̀ àti Ṣàngó-Ọ̀tà, níbi tí àdúrà náà ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó jókòó dáadáa. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dára, wákàtí méjì. Lọ́jọ́ tí tírélà bá ṣubú, ẹ má bi mí. Mo ti jókòó rí ní Ìbàfò títí mo fi mọ orúkọ gbogbo ọmọ obìnrin tó jókòó tì mí, ilé ìwé tí wọ́n ń lọ, àti èyí tó ṣì ń tọ̀ sílé nínú wọn. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ fò sókè, kò sì tíì rántí ọ̀nà ilé.

Àbúrò mi obìnrin ló ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin ò mọ̀ pé rélùwéè ń lọ ni?" Mo mọ̀. Ta ni kò mọ̀? Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni Ààrẹ Buhari ṣí i ní Èbúté-Mẹ́tta. Àwọn ará Ṣáínà ló kọ́ ọ, nǹkan bíi kìlómítà 157 láti Èkó dé Ìbàdàn, wọ́n sì fi orúkọ ọmọ wa, Wọlé Ṣóyínká, sọ ibùdó ti Abẹ́òkúta. Ti Papaláńtó ń jẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tiwa náà nìyẹn. Inú mi dùn sí i, mi ò níí purọ́. Ohun tó ń dá mi dúró ni pé Laderin ni ibùdó náà wà, mo sì mọ ohun tó wà láàárín Ọbántókò àti Laderin. Gbogbo Abẹ́òkúta ló wà láàárín wọn.

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo jáde nílé lọ́jọ́ náà. Máíkírà tó kọ́kọ́ dúró, èèyàn mẹ́rin ti wà lẹ́yìn, ẹnì kan wà níwájú, awakọ̀ ní kí n wá ṣe ìkejì rẹ̀. Mo ní ẹrù mi ńkọ́? Ó wo báàgì méjèèjì bí ẹni wo òkú ewúrẹ́. Ó ní, "Ìyá, owó èèyàn mẹ́ta lẹ máa san." Mo ní níbo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ jókòó sí? Ó ti lọ kí n tó parí ọ̀rọ̀. Èkejì ò tiẹ̀ dúró.

Ẹ̀kẹta ni kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ọmọkùnrin tó wà á kò lè ju ẹni ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, ó sì fa okùn rọ́bà kan yọ lábẹ́ àga, irú èyí tí wọ́n ń gé lára tíúbù táyà. Ó gbé báàgì kan sẹ́yìn níta, ó fi okùn yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ta á ní kókó, ó wá fẹsẹ̀ ti ara kẹ̀kẹ́, ó fa okùn náà títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Ìkejì ló wà lẹ́sẹ̀ mi nínú ọkọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọwọ́ kàn án. Tó bá mì, ẹ má san kọ́bọ̀." Mo fọwọ́ kàn án. Kò mì. Àmọ́ ó ní òun ò lè gbé mi kọjá Kútọ̀ o, ibẹ̀ ni ojú ọ̀nà tòun parí sí, tí òun bá kọjá ibẹ̀, àwọn tó ni ìlà tó kù yóò dá òun dúró. Ẹ fi èyí sọ́kàn, n ó padà síbẹ̀.

Ní Aṣerò la ti pàdé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Aago méje kò tíì lù. Àwọn ọmọ iléèwé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lọ sí Òkè-Mọ́sàn, àwa ọlọ́jà, ọlọ́kadà tó ń gba àárín wa bí abẹ́rẹ́ tó ń gba aṣọ. Láti fi pa ìbínú, mo ka ogún ọkọ̀ tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó dúró bí àwa náà ti dúró. Nínú mẹ́tàlá, awakọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ńlá? Mi ò rí ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀sì ńlá kan ṣoṣo ì bá kó gbogbo èèyàn tó wà nínú ogún ọkọ̀ yẹn, èmi náà ì bá sì ríbi tì í pẹ̀lú báàgì mi. Ojú títì tí ogún ọkọ̀ gbà, ẹyọ kan ni ì bá gbà á. Mi ò ka ìwé ẹ̀rọ, mi ò ka ìwé ìlú kíkọ́, ìṣirò ìsọ̀ lèyí: tí àtẹ rẹ bá kéré, o ò níí tẹ́ aṣọ kan ṣoṣo kó gba gbogbo ẹ̀.

Kí n sọ òtítọ́, ìlú wa kì í ṣe ìlú tí wọ́n fi rúlà fà. Ní 1830 tí àwọn Ẹ̀gbá sá wá sábẹ́ Olúmọ, ogun ló lé wọn débẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ro ibi tí mọ́tò yóò gbà. Aké tẹ̀dó síhìn-ín, Òkè-Ọnà sọ́hùn-ún, Gbágùrá wà lápá tirẹ̀, Òwu dé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Ìbarà náà wà níbi tirẹ̀. Àpáta wà láàárín wọn, odò Ògùn sì gé ìlú sí méjì. Ọ̀nà wa wá ń lọ́ bí ejò. Tí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo rẹ̀ a da ara wọn sójú kan náà: Kútọ̀, Pànṣẹ́kẹ́, Ìta-Ẹ̀kọ́, àti Láfẹ́nwá lórí afárá. Wọ́n ti fẹ ọ̀nà, wọ́n ti kọ́ afárá òkè sí Ìbarà àti Kútọ̀, mo sì dúpẹ́, torí mo rántí bí ibẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ afárá ni kó gbé ọ fo ìkóríta kan. Ẹnu ìkóríta tó kàn ló ń jù ọ́ sí. Ọ̀nà tí wọ́n bá sì fẹ̀ lónìí, ọkọ̀ a gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ní kíá. Ẹni tó ń jẹ́ kí mọ́tò rẹ̀ sinmi nílé tẹ́lẹ̀ á gbé e jáde.

Rélùwéè àtijọ́ ńkọ́? Èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1896, tó sì dé Ìbàdàn ní 1901, Láfẹ́nwá ló gbà. Ìdí ọjà. Ìyá ìyá mi máa ń sọ pé bí òun bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè, ẹrù kì í tíì ro òun lọ́rùn tí òun ti ń sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú oníbàárà. Mo mọ̀ pé ti ayé ìsinsìnyí yàtọ̀. Ojú irin tuntun fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, mílímítà 1,435 sí 1,067, wọ́n sì ṣe é fún ọkọ̀ tó lè sá tó kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Irú ojú irin bẹ́ẹ̀ ò fẹ́ kọ́nà òjijì, kò fẹ́ òkè tó dúró ṣánṣán. Ta ló fẹ́ rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Láfẹ́nwá òde òní láì wó ilé onílé? Nítorí náà mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí Laderin. Ìbéèrè tèmi ni pé, nígbà tí ibùdó ti wà lẹ́yìn ìlú, kí ló wá so ó mọ́ ìlú?

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ohun tó so ó mọ́ ìlú ni ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà. Iye tí oníkẹ̀kẹ́ kejì gbà lọ́wọ́ mi ní Kútọ̀ nìyẹn, dúróòpù, torí kò sí èrò tó pọ̀ tó láti kún inú kẹ̀kẹ́ lọ sápá ibẹ̀, kò sì fẹ́ padà lófìfo. Kò jẹ̀bi, èmi náà kì í gbé ẹrù òfìfo. Ṣùgbọ́n okùn tirẹ̀ kò rí bíi ti àkọ́kọ́. Ọwọ́ ni mo fi di báàgì mú lẹ́yìn orí mi títí a fi débẹ̀, apá mi ń gbọ̀n. Mo dé Laderin ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Wákàtí méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún, mi ò sì tíì kúrò ní Abẹ́òkúta.

Ó wá kan rélùwéè gan-an, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí ohun tó bá dára kì í gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ibùdó náà mọ́, ó tutù. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ti mẹ̀kúnnù, nọ́ńbà àga mi wà lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó bá mi du àga. Ọkọ̀ dé nígbà tí aago mẹ́sàn-án ń lọ lù. Mo gbé ìgò omi mi sórí etí fèrèsé láti dán an wò, mo ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀. Títí a fi dé Agége, omi náà kò ta sílẹ̀. Mo jẹ ẹ̀pà sísè mi, mo wo igbó, mo wo oko ẹ̀gẹ́, oorun sì gbé mi lọ díẹ̀. Ẹ tún un kà: mo sùn lójú ọ̀nà Èkó, mi ò sì fọwọ́ di àpò owó mi mú. Láàárín wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ṣá, a ti wà ní Alágomejì, ní ibùdó Mobọ́lájí Johnson. Máàkì méjì tí mo yọ kò kan ìrìn àjò fúnra rẹ̀. Mo yọ wọ́n torí pé ìrìn ọkọ̀ lóòjọ́ kò pọ̀. Ẹni tó bá tajà tán ní ọ̀sán á kàn máa wo aago ni, kó tó di ti ìrọ̀lẹ́.

Dáńfó ni mo wọ̀ láti ibẹ̀ dé Ìdúmọ̀tà, ìyẹn ò ṣe àjèjì sí mi. Ní ṣọ́ọ̀bù oníbàárà mi ni mo ti rí nǹkan tó mú mi kọ gbogbo èyí. Ọmọbìnrin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo ní kí ló gbé e wá láti apá Agége ní kíá bẹ́ẹ̀. Ó fa káàdì kan yọ. "Mọ́mì Abẹ́òkúta, Cowry nìyí. Òun ni mo fi wọ rélùwéè pupa, òun náà ni mo fi wọ bọ́ọ̀sì tó kù. Tí mo bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, òun náà ni." Mo gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fún ní ayédèrú owó.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò sọ pé Èkó kò ní gósílò. Ọjọ́ kan náà ni mo rí èyí tó wà ní Ìdúmọ̀tà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń to nǹkan ọ̀hún léra. Ní 2002 ni wọ́n fi òfin dá LAMATA sílẹ̀, àjọ kan tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, rélùwéè àti ojú ọ̀nà wà lórí tábìlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2008, wọ́n ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì BRT láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, rélùwéè búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2. Ní oṣù kẹwàá 2024, ó kan ti pupa, láti Agbádó dé Òyìngbò, ojú irin kan náà tí èmi gbà wọ̀lú ni òun náà sì ń lò. Ó lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é, wọn ò sì tíì parí. Bí wọ́n ti ń kọ́ ọ̀kan, wọ́n ń ro bí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ yóò ṣe wọ èkejì. Ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Tèmi ní Abẹ́òkúta, oníkẹ̀kẹ́ kò mọ ìgbà tí rélùwéè ń dé, rélùwéè kò mọ̀ pé Ọbántókò wà láyé.

Ìpadàbọ̀ ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Mo ra aṣọ funfun bọ̀, èyí tí a ó pa láró, báàgì kan gbáko. Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ gbéra, ó sì sọ wá kalẹ̀ ní Laderin kí aago márùn-ún ààbọ̀ tó lù. Òjò ti ṣú. Àwa tí a sọ̀ kalẹ̀ pọ̀, kẹ̀kẹ́ tó wà níta kò tó nǹkan, owó sì ti fò. Èyí tí mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fún láàárọ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni wọ́n ń pè é. Èmi àti àwọn obìnrin méjì tí mi ò mọ̀ rí la dá owó jọ. Bí a ṣe bọ́ sójú títì ni òjò dé, ẹ sì mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ kò ní ilẹ̀kùn. Ní ibi kan báyìí, awakọ̀ ọkọ̀ ńlá kan, tí èmi kò mọ̀ tí òun náà kò mọ̀ mí, kó táyà rẹ̀ sínú adágún ẹrẹ̀. Mo gbọ́ ohùn omi náà kí n tó rí i. Nígbà tí mo fi máa tú báàgì délé, aṣọ funfun mi ti di àdìrẹ kí n tó fi aró kàn án. Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́fà lókè kò ṣeé tà mọ́, mo fi wọ́n ṣe ìnulẹ̀.

Aago mẹ́jọ ku mẹ́wàá ni mo wọlé. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé gbèsè mi. Inú rélùwéè, lílọ àti bíbọ̀: nǹkan bíi wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú. Láàárín Ọbántókò àti Laderin, lílọ àti bíbọ̀: ó ju wákàtí mẹ́rin lọ. Owó tí mo kó fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ nínú ìlú mi ju owó tíkẹ́ẹ̀tì tó gbé mi dé Èkó lọ.

Àbúrò mi ọkùnrin, awakọ̀ takisí ni, ó wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń ṣírò. Mo ní, kí ló dé tí bọ́ọ̀sì ńlá kan kò lè máa kúrò ní Ọbántókò, kó gba Aṣerò, kó gba Kútọ̀, kó dé Laderin ní ìdajì wákàtí kí rélùwéè tó dé, kí òmíràn kúrò ní Láfẹ́nwá, kó gba Pànṣẹ́kẹ́? Kí tíkẹ́ẹ̀tì kan náà gbé mi wọ méjèèjì. Kí orí bò wá níbi tí a ó ti dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ti rí ìrọ̀rùn yín. Kí ni kí àwa wá jẹ?" Mo ní ta ni yóò gbé mi láti ẹnu ọ̀nà ilé mi dé títì? Bọ́ọ̀sì ńlá kò lè wọ àdúgbò wa, ẹ̀yin náà ni. Ẹ ó lọ ìrìn kúkúrú nígbà mẹ́wàá, ẹ ò ní máa sun epo ní Kútọ̀ lórí ìdúró. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ṣé wọ́n á fún wa níbi tí a ó máa dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì náà, àbí wọ́n á kàn lé wa ni?" Mi ò ní ìdáhùn. Ọmọ oníkẹ̀kẹ́ àárọ̀ yẹn náà, tí ìlà rẹ̀ parí sí Kútọ̀, ìbéèrè kan náà ni tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣètò ọ̀rọ̀ yìí tí kò bá pè wọ́n jókòó, ìjà ló ń ṣètò.

Ẹ ó bi mí bóyá n ó tún wọ̀ ọ́. N ó wọ̀ ọ́. Oorun tí mo sùn láàárín Papaláńtó àti Agége yẹn, mi ò lè padà sí Ìbàfò mọ́. Tí ilé yín bá wà lápá Òkè-Mọ́sàn tàbí Kútọ̀, tí ẹ ò sì ní ẹrù, ẹ má wulẹ̀ rò ó, ẹ lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá ń bọ̀ láti Ọbántókò, Láfẹ́nwá tàbí Ìta-Oṣìn, ẹ jáde nílé kí ìmọ́lẹ̀ tó là, ẹ mú ọ̀rá ńlá dání, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn tó ń lọ kí ẹ lè jọ dá owó.

Ọjọ́bọ̀ ni mo tún ń lọ. Mo ti wá ọmọ oníkẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ yẹn kàn ní Kútọ̀, ó sì ní òun ti bá àwọn onílà kejì sọ ọ́, wọ́n ní kó gbé mi dé Laderin tààrà, kó kàn fún wọn ní nǹkan. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni yóò dé ẹnu ọ̀nà mi. Ó ní báàgì mélòó? Mo ní mẹ́ta. Ó ní kò burú, òun á mú okùn kejì.